Ìwé ìjọba tí ẹnì kan ti gbà, kó má kú sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ tí àwa òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kan fẹ́ kí ẹ bá wa gbé jáde, nípa bí a ṣe lè jọ máa gba ìwé ìjọba, kí a sì jọ máa tọ́jú rẹ̀, kan gbogbo ilé-ìkàwé tó wà láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣàgámù, láti Àbígí dé Ìsarà. Ó sì kan ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró rí lẹ́nu ọ̀nà káńsù, tí wọ́n ní kó lọ bọ̀ lọ́la nítorí ìwé kan ṣoṣo.

Kì í ṣe ojú rere mọ́ láti rí ìwé ìjọba. Òfin Òmìnira Ìròyìn, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FOI, ti wà láti ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ pé òfin Àbújá ni, pé kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ parí àríyànjiyàn yẹn: òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ó de ìpínlẹ̀, ó de ìbílẹ̀. Ohun tó kù wá di ti àwa tí a ń tọ́jú ìwé. Lọ́yà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lè kọ lẹ́tà, kó dúró, kó san owó fọ́tókọ́pì, kó sì gba ìwé tó ń wá. Bí ẹjọ́ bá ti parí, ìwé wọ dúrọ́ọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mọ̀lẹ́bí kan ní Òdógbolú á nílò ìwé yẹn gan-an, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà kìíní. Òṣìṣẹ́ káńsù náà á tún máa tú fáìlì tó ti tú lẹ́ẹ̀kan. Òfin kọ́ ló fa ìyà yìí. Kò kàn sí ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbé ni.

Ilé-ìkàwé ló yẹ kó jẹ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wa tó lè dá a ṣe. Ilé-ìkàwé yunifásítì ní ẹ̀rọ, ó ní ẹ̀rọ iná, ó ní àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà lò, àmọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní káàdì wọlé. Ti ìjọba ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń ra ìwé tuntun kéré. Àwọn kéékèèké tí ìlú tàbí ìjọ dá sílẹ̀ mọ àwọn ará àdúgbò lórúkọ, wọn kò sì ní ju tábìlì méjì lọ. Èésú ló yẹ ká dá. Ìjẹ̀bú mọ èésú: ohun tí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ká ló ń dá, odindi ló sì ń kó nígbà tó bá kàn án.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà ní ẹkùn wa: Ìjẹ̀bú-Òde, Àríwá Ìjẹ̀bú, Ìlà-Oòrùn Àríwá Ìjẹ̀bú, Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, Òdógbolú, Ogun Waterside, Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ. Kí ilé-ìkàwé kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan tàbí méjì, kó jẹ́ pé òun ni yóò máa béèrè ìwé ibẹ̀, tí yóò máa gbà á, tí yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Lórí ìyẹn, kí a tún pín in gẹ́gẹ́ bí ohun tí oníkálukú mọ̀ jù. Olabisi Onabanjo University ní Àgọ́-Ìwòyè ń kọ́ni ní ìmọ̀ òfin, nítorí náà òfin ìpínlẹ̀ àti gàsẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, bá a mu. Tai Solarin ní Ìjágùn, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé àwọn olùkọ́. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Ṣàgámù, ìwé ètò ìlera. Babcock ní Ìlíṣàn, ìwé ìṣúná àti ti àyẹ̀wò owó. Àbá lásán nìyí o, kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ sí i. Bí ẹnì kan bá ní ìpín tó dára jù ú lọ, a ó tẹ̀ lé e. Ohun tí a ò fẹ́ ni kí gbogbo wa máa lé ìwé kan náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí Àbígí.

Gàsẹ́ẹ̀tì ni ká kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló ń fa ìjà jù. Inú rẹ̀ ni ìjọba ti ń kéde ilẹ̀ tó bá gbẹ́sẹ̀ lé, ibẹ̀ náà ni òfin tuntun àti àṣẹ ti ń jáde. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tàbí nítòsí pápákọ̀ òfurufú tó wà láàrin Ìpẹru àti Ìlíṣàn gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà wà lábẹ́ ìkéde. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ onílẹ̀ kò tó, òǹtẹ̀ sọ̀fíyọ̀ nìkan náà kò sì tó. Láti wá gàsẹ́ẹ̀tì, ohun mẹ́ta ni ènìyàn ń béèrè: fọ́líọ́ọ̀mù (ìdìpọ̀ tó wà nínú rẹ̀), nọ́ńbà àti ọjọ́. Bí kò bá mọ ju ọdún lọ, atọ́ka ọdún yẹn ni yóò kọ́kọ́ béèrè, kó tó kan gàsẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń wá ohun gbogbo lábẹ́ orúkọ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ìkéde tó bá jáde láàrin 1967 sí ìgbà yẹn, Western State ló ṣe é; èyí tó ṣáájú, Western Region. Àkọsílẹ̀ ìjẹoyè tí gbogbo ìlú ń pariwo lé lórí, pàápàá láti ìgbà tí Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà ti wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, púpọ̀ nínú wọn ti wà láti abẹ́ Òfin Oyè ti Western Region ọdún 1957. Ẹni tó bá ń wá a nínú ìwé Abẹ́òkúta nìkan á padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ òfo, á sì máa rò pé ṣe ni wọ́n fi pamọ́ fún òun. Ní ti ayé àwọn òyìnbó, ìwé Ẹkùn Ìjẹ̀bú wà ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ije Prof ni àmì tó wà lára wọn. Kí ilé-ìkàwé wa kan lọ ṣe àdàkọ atọ́ka ibẹ̀, kó sì pín in fún àwọn yòókù. Owó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sàn ju kí ogún ènìyàn lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ ìlú náà tún ń dí ni lọ́wọ́. Ẹ máa rí Shagamu, ẹ máa rí Sagamu. Ẹ máa rí Ishara, Ilishan, Jebu Ode. Rẹ́mọ nìkan lè jẹ́ Ijebu Remo nínú ìwé kan, kó jẹ́ Remo nínú èkejì. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Nítorí náà, nínú àkọsílẹ̀ àpapọ̀ wa, kí a mú orúkọ kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ gbogbo èyí tó kù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá tẹ Shagamu lè bọ́ sí Ṣàgámù. Bákan náà ni orúkọ ọ́fíìsì: tí ẹnì kan bá kọ Ogun State, tí ẹlòmíràn kọ Government of Ogun State, ẹ̀yìn oṣù mẹ́fà, àkọsílẹ̀ yẹn ti di igbó.

Àkọsílẹ̀ àpapọ̀ náà kò gba owó rẹpẹtẹ. Àtẹ kan lórí kọ̀ǹpútà tó láti bẹ̀rẹ̀: orúkọ ìwé, ọ́fíìsì tó gbé e jáde, ọjọ́, nọ́ńbà, iye ojú ìwé, ilé-ìkàwé tó wà, bó ṣe rí báyìí, àti bóyá ẹ̀dà rẹ̀ ti wọ kọ̀ǹpútà. Ìlà mẹ́jọ péré. Nígbà tó bá pọ̀, Koha wà fún kátálọ́ọ̀gù, DSpace sì wà fún ìwé inú kọ̀ǹpútà; ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ má jẹ́ ká fi sọ́fítíwíà bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa nìyẹn, ó sì lè bí àwọn kan nínú: a ti rí ètò púpọ̀ tó ra ẹ̀rọ tán kó tó mọ ìwé tó ní.

Ọ̀rọ̀ wá kan lẹ́tà FOI fúnra rẹ̀. Ojú ìwé kan tó. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ń béèrè, ọ́fíìsì tí a kọ ọ́ sí, gbólóhùn kan pé abẹ́ òfin FOI ọdún 2011 ni a ti ń béèrè, lẹ́yìn náà ìwé tí a ń wá gan-an: irú èwo, ọdún wo, nọ́ńbà wo bí a bá mọ̀ ọ́n. Kí a sọ bóyá fọ́tókọ́pì ni a fẹ́ tàbí ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni sọ ìdí tó fi ń béèrè, abala kìíní òfin náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ní "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?", ìtọpinpin lásán ni. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ lè ní kí ẹlòmíràn bá òun kọ ọ́, tàbí kó fẹnu sọ ọ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí òṣìṣẹ́ yóò kọ yẹn kì í sábà wáyé, nítorí náà kí ilé-ìkàwé ní bébà àti bírò nílẹ̀, kó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni náà ní èdè Ìjẹ̀bú rẹ̀.

Ẹ̀dà méjì ni kí a mú lọ. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára èkejì. Ọjọ́ orí òǹtẹ̀ yẹn ni a fi ń ka ọjọ́ méje tí òfin fún wọn láti dáhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé bá pọ̀ tàbí bí wọ́n bá ní láti kàn sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ẹni tó béèrè. Bí ìwé bá wà lọ́dọ̀ ọ́fíìsì mìíràn, àwọn ló yẹ kí wọ́n gbé lẹ́tà náà lọ síbẹ̀, láàrin ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ abala òfin tó fún wọn láṣẹ. Bí wọ́n bá dákẹ́, kíkọ̀ ni ìdákẹ́ náà, ẹni tó béèrè sì ní 30 ọjọ́ láti gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ọ́fíìsì tí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ó kọ̀ láìnídìí lè san ₦500,000. Owó tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn kò ju ti fọ́tókọ́pì àti ti àdàkọ lọ. "Owó fọ́ọ̀mù" àti "owó ìwádìí" kò sí nínú òfin.

Àwọn ohun tó ń ba lẹ́tà jẹ́ kò fara sin. Ẹni tó bá kọ pé "Kí ló dé tí wọn kò parí ọ̀nà wa?" kò béèrè ìwé kankan, ìbéèrè ló bi wọ́n. Ìwé àdéhùn iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí, ìwé ìsanwó fún agbaṣẹ́ṣe: àwọn wọ̀nyẹn ni ìwé. Ẹni tó bá béèrè "gbogbo ìwé nípa ọjà wa láti ìbẹ̀rẹ̀" ń fún wọn ní ìdí láti fà á gùn. Àwọn mìíràn ń kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Alága káńsù Òdógbolú kò ní ìwé àdéhùn rẹ̀ bó ti wù kó gba àárín ìlú rẹ̀ kọjá tó. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni òǹtẹ̀: wọ́n gba lẹ́tà lẹ́nu géètì, mẹ́séńjà ní òun á mú un wọlé, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Láìsí òǹtẹ̀, kò sí ẹ̀rí ìgbà tí ọjọ́ méje bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti lu òǹtẹ̀, kúríà tó ń fúnni ní rìsíìtì ni kí a fi rán an.

Níbi tí àjọṣe ti wúlò jù nìyí. Bí ó bá jẹ́ ilé-ìkàwé ló kọ lẹ́tà ní orúkọ ara rẹ̀, mọ̀lẹ́bí tó ń wá ìwé ilẹ̀ kò ní fi orúkọ ara wọn sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀. Kí gbogbo wa ní rẹ́jísítà kan ṣoṣo: nọ́ńbà lẹ́tà, ọjọ́ òǹtẹ̀, ọjọ́ keje, ohun tí wọ́n dáhùn. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà tuntun kọ́kọ́ wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, a ó mọ ọ́fíìsì tó ń dáhùn àti èyí tí kì í dáhùn, kì í ṣe nípa àhesọ.

Ìwé ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ ni a fi ṣe ìkejì. Mẹ́ta ni wọ́n, wọn kò sì jọ ara wọn: ìwé ìṣúná tí wọ́n fọwọ́ sí, ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta nípa bí wọ́n ṣe ń ná an, àti ìwé akáǹtì tí olùyẹ̀wò owó ti yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní ti àkọ́kọ́ nìkan máa ń ka ₦20 mílíọ̀nù fún ilé-ìwòsàn àdúgbò, kó wá lọ pariwo pé wọ́n ti jí i, nígbà tí owó náà kò wọlé rárá. Èyí tí a kọ sílẹ̀ kọ́ ni èyí tó wọlé, èyí tó wọlé kọ́ ni èyí tí a ná. Nítorí náà, kí ilé-ìkàwé má fún ènìyàn ní ọ̀kan láìsí àwọn yòókù. Kí wọ́n sì kọ ojú ewé kan ní Yorùbá síwájú rẹ̀: owó tó wọlé láti Àbújá, owó tí káńsù pa fúnra rẹ̀, owó oṣù, owó iṣẹ́ àkànṣe, àti ojú ìwé tí a ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ìwé bá dé ọwọ́ wa tán, títọ́jú rẹ̀ tún jẹ́ iṣẹ́. Bébà gàsẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dà bíi ti ìwé ìròyìn. Ásíìdì inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó pọ́n, kó sì máa ya bí a bá ṣẹ́ ẹ po. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ọ̀rá gbígbóná bò ó: bí ó bá ti wọ inú ọ̀rá yẹn, kò ní jáde mọ́. Ẹ yọ pínnì tó ti dípẹtà. Kí pẹpẹ tó wà nísàlẹ̀ jù fi nǹkan bíi 15 sẹ̀ńtímítà ga ju ilẹ̀ lọ, kí pẹpẹ má sì fara kan ògiri, nítorí ara ògiri ni ikán ti ń gùn wá, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rinrin òjò ti ń wọlé. Ojú tó ń ṣọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sàn ju oògùn ikán lọ.

Fún kọ̀ǹpútà, 300 dpi (iye àmì tí ẹ̀rọ síkáànù ń mú nínú ínṣì kan) ló tó fún ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ hàn kedere, 400 fún èyí tí lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́. Fọ́tò tí a fi fóònù yà láti ẹ̀gbẹ́ kì í ṣeé kà bí ó bá yá. Kí á tọ́jú TIFF, irú fáìlì àwòrán kan, fún ìpamọ́, kí á fi PDF lélẹ̀ fún àwọn tó ń kà. Orúkọ fáìlì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún, oṣù àti ọjọ́, lẹ́yìn náà ọ́fíìsì àti nọ́ńbà, láìsí àmì ohùn àti àlàfo. "Scan001" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Sọ́fítíwíà tó ń ka lẹ́tà láti ara àwòrán máa ń ṣi ẹ, ọ àti ṣ gbà, nítorí náà kí ènìyàn fi ojú yẹ orúkọ ènìyàn àti ti ìlú wò kó tó gbé e jáde. Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìkópamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn. Bí iná bá jó Ìjẹ̀bú-Òde, ti Ìlíṣàn yóò kù. Kí a sì fi SHA-256, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò àmì láti inú fáìlì, gba àmì ìdánimọ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún: bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú fáìlì, àmì náà kò ní bára mu mọ́.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ló yára parẹ́ jù. Láti ọdún 2008 ni àwọn ilé-ìkàwé ńlá ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Internet Archive, ti ń ṣe ẹ̀dà ojúlé wẹ́ẹ̀bù ìjọba wọn ní òpin sáà ààrẹ kọ̀ọ̀kan. Sáà ìjọba tó wà lórí oyè ní ìpínlẹ̀ wa yóò parí ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2027. Kí a tó dé ibẹ̀, kí a pín ojúlé àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba láàrin ara wa, kí a sì fi wọ́n sínú Wayback Machine, àpamọ́ ojúlé wẹ́ẹ̀bù ti Internet Archive. Kí a rántí pé bí a bá fi ojú ewé kan pamọ́, PDF tó so mọ́ ọn lè má tẹ̀ lé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ká fi àdírẹ́sì wọn sí i. Ohun tí ènìyàn kò lè rí àyàfi tó bá tẹ nǹkan sínú àpótí ìwárí, ẹ̀rọ náà kò ní mú un. Èyí tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a gbà á sílẹ̀ fúnra wa.

Kò yẹ kí a retí pé òfin ìfìwé-pamọ́ yóò bá wa ṣe é. Ẹ̀dà 10 ni òfin ní kí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ fi ránṣẹ́ sí National Library nínú ìwé tó bá tẹ̀ jáde, 25 ní ti ìjọba àpapọ̀. Kò sí èyí tí òfin yẹn darí sí Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ.

A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun inú fáìlì ló yẹ kí ayé rí. Abala 14 òfin FOI bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni: ìwé ìlera aláìsàn, fáìlì ọmọ ilé-ìwé. Orúkọ àti owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba kò sí nínú ìyẹn, abala 2 sọ pé kí ọ́fíìsì gbé wọn jáde fúnra wọn. Bí a bá ní láti bo nǹkan, máákà dúdú lórí bébà nìkan kò tó, ó ń hàn bí a bá gbé e sójú iná. Kí a fi máákà pa á, kí a ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, kí a wá ṣe síkáànù fọ́tókọ́pì yẹn. Àpótí dúdú tí wọ́n fà sórí PDF burú jùyẹn lọ: ẹnikẹ́ni lè da ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kọ.

Òfin kan náà, ní abala 19, dáàbò bo ẹni tó bá wá kàwé lọ́dọ̀ wa: àkọsílẹ̀ tó ń fi hàn pé ẹni báyìí ló ka ìwé báyìí wà lára ohun tí wọ́n lè kọ̀ láti fi síta. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú níbi tí ọ̀rọ̀ oyè àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti gbóná, ó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ wa mọ abala yẹn sórí. Bí baálé kan bá wá wo àkọsílẹ̀ ìdílé mìíràn, kí ó má gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò kó tó délé.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kò tó nǹkan. Ilé-ìkàwé tó bá ní gàsẹ́ẹ̀tì Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ọdún 1976 sí 1979 lọ́wọ́, bí ikán ti lẹ̀ jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà àwọn tó kù sílẹ̀ sórí bébà kan, kó sì fi ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé tó súnmọ́ ọn jù. Kí èyí tó gbà á fi tirẹ̀ kún un, kó sún un síwájú.

Àwa ni,
Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kan láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ